Ọmọ Ní Ìwé, Bàbá Ní Ìbúra

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba náà ní ohun tó máa ń wò kí ó tó pe ènìyàn ní ọmọ òun, ìwé sì ni nǹkan ọ̀hún. Ẹni tí a bí sí Ìbàdàn, tó dàgbà sí Ìbàdàn, lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ìyá wọn bí sí òkè òkun nígbà tí bàbá wọn ń kàwé lọ́hùn-ún. Ìwé ìbí tí òyìnbó kọ fún wọn, bó ti wù kó dán tó, kì í sábà dáhùn ìbéèrè tó ṣe kókó jù lọ nígbà tí wọ́n bá délé: ìwọ ọmọ ta ni?

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé. Òfin ibẹ̀ ní kí òbí lọ bá rẹ́jísítírà kí ọjọ́ 42 tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Kò sì sí pé dúdú ni yín tàbí funfun. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa ń wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, wọ́n sì ń gba ìwé ìbí gẹ́gẹ́ bí onílé ti ń gbà á.

Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ìwé náà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1947 ni wọ́n dá èyí tó kúrú sílẹ̀. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí a bí i, ibi tí a bí i sí, akọ ni tàbí abo, ó tán. Kò sí orúkọ bàbá níbẹ̀, kò sí ti ìyá. Èrò rere ni wọ́n fi ṣe é, kí àṣírí ọmọ tí a kò bí sínú ìgbéyàwó má baà máa tú káàkiri. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá gbé ìwé yìí wálé yóò fi hàn pé Ìjẹ̀bú ni bàbá òun ti wá?

Èyí tó gùn sàn díẹ̀. Orúkọ bàbá àti ìyá wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, títí di ọdún 1969, kò sọ ìlú tí a ti bí àwọn òbí. Nínú oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n tó fi èyí kún un. Nítorí náà, ọmọ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìwé rẹ̀ lè sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni bàbá rẹ̀, kò ní sọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún. Ti pé ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni bàbá, tàbí ọmọ fúnra rẹ̀, ìwé náà kò dá sí i rárá.

Ohun tí òfin tiwa sì ń béèrè gan-an nìyẹn. Ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ka ọmọ tí a bí sí òkè òkun láti ọjọ́ náà lọ mọ́ ọmọ Nàìjíríà nítorí bàbá rẹ̀. Ta wá ni bàbá yìí? Bí wọ́n bá bí i ṣáájú òmìnira, òfin fẹ́ kí ó jẹ́ pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, kí ó sì jẹ́ pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí òbí rẹ̀ náà ni a bí síbí. Obìnrin wa tó fẹ́ òyìnbó ńkọ́? Òfin ìgbà náà kò ka ọmọ tó bá bí sí òkè òkun fún ọkọ rẹ̀ mọ́ tiwa.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́, òfin ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ti wà ní Èkó láti 1863. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní abúlé Ìjẹ̀ṣà ní 1930? Ìṣẹ̀lẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Wọ́n á ní ọmọ yìí ti ń rìn nígbà ogun Adùbí, wọ́n á ní ọdún lùkúlùkú ni wọ́n bí tọ̀hún, 1918 sì ni méjèèjì. Ti bàbá àgbà, ogun Kírìjì ni wọ́n máa tọ́ka sí. Bí ìwé bá wá di dandan, àgbàlagbà kan nínú ẹbí á lọ sí kóòtù, á búra pé ojú òun ni wọ́n ṣe bí i. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìwé ìjọba lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ tó ti gboyè ní yunifásítì, ìbúra ló ní. Ìbúra yìí ló sì máa gbé ìwé ọmọ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìlú tí a bí ènìyàn sí ti tó, kí ó rántí Gánà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kẹ́rù wọn. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Tamale nìkan kì í ṣe kékeré. Àwọn tí a bí síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè ibẹ̀ bí ẹni mumi, bá àwọn òbí wọn kọrí sí ilé tí wọn kò rí rí. Ibi tí wọ́n bí wọn sí kò gbà wọ́n. Àwa náà kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà àti àwọn àlejò mìíràn jáde.

Oṣù kan náà yẹn ni Ìlú Ọba yí òfin tirẹ̀ padà. Ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, ọmọ tí a bá bí sórí ilẹ̀ wọn di tiwọn, àfi ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Láti ọjọ́ náà, ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n gbà láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ìgbà náà ń gba ìwé ìbí wọn, ṣùgbọ́n kì í tìtorí rẹ̀ di ọmọ wọn. Bí ilé kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ilé ti ṣílẹ̀kùn. Ìwé òfin 1979 sọ pé ẹni tí a bí sí òkè òkun, bí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ìyá náà wọ̀ ọ́ nígbà náà. Ìwé òfin 1999 kò yí i padà, ó sì gbà pé ọmọ Nàìjíríà láti ìbí lè jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn pẹ̀lú. Nílé níbí, òfin 1979 sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun di dandan ní gbogbo ilẹ̀ wa, ti 1992 sì gbé iṣẹ́ náà fún Àjọ Ìkànìyàn.

Àwọn Faransé ní tiwọn máa ń da ìwé ìbí ọmọ wọn tí a bí sí òde kọ sínú ìwé ìjọba wọn. Láti 1965, ìlú Nantes ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun, ìwé Lọ́ńdọ̀nù kì í dá wá ilé. Ẹ gba èyí tó gùn. Ẹ fi ìwé ìbí tiyín, tàbí ìbúra yín, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó tì í. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba wa nígbà tí ọmọ ṣì wà ní kékeré, tí àgbàlagbà tó lè búra sì ṣì wà láàyè. Òfin lè ka ọmọ yín mọ́ tiwa láti ọjọ́ tí ẹ bí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá bi í pé ọmọ ta ni, ìwé ló máa bá a sọ̀rọ̀.