Ìgbà tí Oko Ṣì Jẹ́ Ilé: Bí Àwọn Ará Ùsò àti Ọ̀wọ̀ Ti Ń Mú Ọmọ Wẹ́wẹ́ Jáde

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà rí ju bí àwọn àgbà ti rò lọ, nítorí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ bí a ti ń kí ẹni tí ń ti oko bọ̀, tí ó ti ń mọ odò tí a ń là kọjá àti igi tí a ń sinmi lábẹ́ rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ rárá. Ní Ùsò, ìlú àgbẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kò sí ẹni tí í ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láyé àtijọ́ pé kí òun kàn mú ọmọ ṣeré jáde. Ibi tí ẹsẹ̀ àgbà bá ń lọ, ibẹ̀ náà ni ọmọ ń bá a lọ.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ìjáde àkọ́kọ́. Kí ọjọ́ kẹjọ tó di ti gbogbo ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, àwọn ìbejì ni wọ́n sì ni ọjọ́ kẹjọ. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ bí wọ́n ti ń da omi sókè sórí òrùlé, tí wọ́n á gbé ọmọ tuntun sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi náà lè kán sí i lára. Bí ọmọ bá sì figbe ta, ariwo ayọ̀ ni ẹbí yóò fi gbè é.

Lẹ́yìn èyí, ó di ẹ̀yìn ìyá. Abiyamọ a bẹ̀rẹ̀, a fi ọwọ́ kan ti ọmọ mọ́ gàdàgbà ẹ̀yìn, a fi ọwọ́ kejì fa aṣọ ìpọ̀nmọ bò ó, a ki etí aṣọ bọnú ara wọn lókè ọmú, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọ̀já gba ìdí ọmọ tí yóò sì dì í le. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ méjèèjì bá yọ síwájú ní ìhà rẹ̀ ni yóò tó gbé agbọ̀n rù. Bí ọmọ bá ń ráhùn lójú ọ̀nà, oríkì ni oògùn rẹ̀: a pe obìnrin ní Àbẹ̀kẹ́, a pe ọkùnrin ní Àjàní, a ka ìran baba rẹ̀ sí i létí títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ní abà, wọn a tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa lé eṣinṣin fún un, nígbà tí iṣu bá sì jiná nínú iná, wọn a ha èédú ara rẹ̀ kúrò, wọn a fi epo pupa jẹ ẹ́. Nígbà tí kòkó di iṣẹ́ ńlá lágbègbè wa, ìgbà líla kòkó, láti oṣù Ọ̀wàrà títí di oṣù Ọ̀pẹ, di ọdún fún àwọn ọmọdé, nítorí omi funfun tí ó bo hóró kòkó dùn, kò sì sí ìyá tí apá rẹ̀ ká ọmọ tí ó ti tọ́ ọ wò. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ àjọṣe tí à ń bá ara wa ṣe lóko, ni ó ń mú ọmọ dé oko baba ẹlòmíràn.

Ọjà alẹ́ náà wà ńkọ́! Mo ti gbọ́ pé ní àwọn ìlú Ítálì, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tọkọtaya a múra dáadáa, wọn a mú ọmọ lọ sí gbàgede ìlú, wọn a máa rìn lọ rìn bọ̀, wọn a máa kí ara wọn. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe lójú fìtílà ọjà, àfi pé àwọn tiwa kò lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ń ta ẹ̀kọ, wọ́n sì ń ra ata.

Ìjáde tí ó tayọ gbogbo rẹ̀ ni ọdún Ìgogò ní Ọ̀wọ̀, nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn ará abúlé fi ń rìn ín kí bọ́lẹ̀kájà tó dé. Ọjọ́ 17 gbáko ni ọdún náà, ìlù kò gbọdọ̀ dún, agogo nìkan ni à ń lù. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Kí ọmọdé wà léjìká baba rẹ̀, kí ó rí Ọlọ́wọ̀, ọba aláyé, tí ó di irun bí obìnrin, tí iyùn bò ó lọ́rùn, kò tún sí ohun tí yóò mú un gbàgbé ọjọ́ náà. Bí ó bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn a sọ ìtàn Ọ̀rọnsẹ̀n fún un, ayaba Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, tí kò gbọdọ̀ fojú kan ẹni tí ń lọ ilá, tí a kò gbọdọ̀ sọ igi ìdáná mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀, tí àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da èèwọ̀ rẹ̀ títí ó fi bínú jáde, tí kò sì padà mọ́. Igbó Lájà tí ìtàn náà dárúkọ, ibẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo gbẹ́lẹ̀ ní 1971, tí ó bá àwọn ère amọ̀ tí ọjọ́ orí wọn ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ti mọ igbó náà lẹ́nu ìyá wọn kí ọkọ́ ọ̀mọ̀wé tó kàn án.

Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni ohun tí yóò yí ìgbé ayé ọmọdé padà ti wá. Ọjọ́ 28 oṣù Igbe 1951 ni ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fara hàn fún aráyé níbẹ̀. Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀gá Imade College, ni ó kọ àbá ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbà wọlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ tí ó lé ní 800,000 sì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún náà. Láti ìgbà náà ni agogo ilé-ìwé ti gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀já. Abà tí ó jẹ́ ilé di ibi tí à ń lọ ní Sátidé àti nígbà ìsinmi; àwọn tí wọ́n ti ń sunkún pé iṣẹ́ oko le wá ń sunkún pé wọn kò mú àwọn lọ sóko. Èrè pọ̀ nínú ìyípadà náà, n kò sì jẹ́ ṣe aláìmoore sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni a kọ́kọ́ ní ọmọ tí ó lè ka orúkọ odò nínú ìwé tí kò sì mọ odò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ni ó ń dá ọmọ dúró, ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn ya bo ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tọmọdé tàgbà. Ìyá tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, ta ni yóò bá a wí?

Síbẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Ùsò tí ẹ wà ní Èkó, ní Àkúrẹ́ àti ní òkè òkun: bí Ìgogò bá pè yín wálé, ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní ọgbà ààfin Ọlọ́wọ̀, kí ẹ sì tó padà, ẹ mú wọn dé oko baba yín ní ojúmọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín.