Alùpùpù Àlejò: Ìtàn Ọjà Àlòkù, Ẹlẹ́rìí àti Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ alùpùpù àlòkù, àlejò tó rà á, àti ọ̀nà tí ohun ìní fi ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan di ti ẹlòmíràn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ó sì kan àwa Yorùbá lọ́nà méjì: a ti ṣe àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, a sì ti gba àlejò sí ilẹ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ifọ́n. Ifọ́n tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúfọ́n ni à ń pe ọba ìlú méjèèjì. Ifọ́n ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìlú Bìní. Ìlú àgbẹ̀ ni. Ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, tí oko jìnnà sí títì, tí ọ̀nà oko kò sì gba mọ́tò, alùpùpù ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òun ló ń gbé ẹrù oko dé ọjà, òun náà ló ń gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn.

Ẹ kíyè sí àwọn orúkọ tí a ń lò. Ìró ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni a ń gbọ́ nínú “alùpùpù”. “Ọ̀kadà” ní tirẹ̀ wá láti Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Ìlú Okada náà wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó bá ilẹ̀ Ifọ́n pààlà. Àwọn èrò ló fi ẹ̀fẹ̀ fún alùpùpù akérò ní orúkọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé ó máa ń fò kọjá níbi tí mọ́tò ti há. “Tòkunbọ̀” ni ẹ̀kẹta: ohun tó ti òkun bọ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni tẹ́lẹ̀, kí ó tó di orúkọ ọkọ̀ àlòkù tí a kó wọ̀lú. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀ ní ọdún 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlòkù gbilẹ̀, iṣẹ́ ọ̀kadà sì di ibi tí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sá sí.

Ọjà àlòkù kò wá dà bí ọjà tuntun. Ohun àlòkù ti ní olówó kan rí, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ni bóyá ẹni tó ń tà á ló ni ín. Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá tóbi, bí ilẹ̀ tàbí ẹran ọ̀sìn, ojú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń san owó rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé lọ́la, ẹlẹ́rìí á dìde sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí fún àlejò? Ìdí nìyí tí àlejò fi ń wá onílé tàbí bàbá ìsàlẹ̀, tí yóò lè sọ pé, “Mo mọ̀ ọ́n.” Ajá tó ní ẹni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ.

Àwa náà ti jẹ́ àlejò rí. Kí ó tó di ọdún 1969, ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ti fi Gánà ṣe ilé. A bí ọmọ àwọn kan sí Kumasi, a bí ti àwọn mìíràn sí Tamale. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà rẹ̀ tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹni tí kò rí i tà fi í sí ọwọ́ ọ̀rẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò níwèé. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, orúkọ wọn sì wà lára báàgì “Ghana Must Go” títí di òní. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn méjèèjì ni pé ọjọ́ tí a bá ń lé àlejò ni ìwé rẹ̀ ń wúlò jù, ọjọ́ náà sì ni kò sí àyè láti lọ wá a.

Ní ìdàkejì, àwọn ọ̀dọ́ láti Tógò àti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń wá ṣiṣẹ́ ní àwọn oko ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́. Charles Piot, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti ń ṣe ìwádìí láàrin àwọn Kabiyè ní àríwá Tógò, ti kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń gun alùpùpù padà sílé. Alùpùpù náà ni owó ọ̀yà, òun náà ni ìyì. Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà korò. Ìjábọ̀ kan tí àjọ Human Rights Watch gbé jáde ní ọdún 2003 sọ nípa àwọn ọmọdékùnrin Tógò tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní oko Nàìjíríà fún oṣù mẹ́jọ títí dé ọdún méjì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n fún wọn ní kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa gùn ún lọ sílé. Àwọn kan nínú wọn sọ pé wọ́n jà wọ́n lólè lójú ọ̀nà. Ní ọdún 2003 yìí kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tó tako fífi ènìyàn ṣòwò.

Ẹ rò ó wò: bí kẹ̀kẹ́ lásán bá lè bọ́ lọ́wọ́ àlejò bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni alùpùpù tó ní nọ́ńbà, tí ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè lè bi í léèrè ìwé rẹ̀?

Ìwé wo ni ó wá yẹ kí ó ní? Ìwé ẹ̀rí pé ẹni tó tà á ló ni ín ni àkọ́kọ́. Kí olùrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáṣì tó wà lára irin wé èyí tó wà nínú ìwé. Ìkejì ni ìwé àdéhùn tí orúkọ àwọn méjèèjì, iye owó, ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ẹlẹ́rìí wà nínú rẹ̀. Ìkẹta ni kí wọ́n lọ yí orúkọ padà níbi tí ìpínlẹ̀ ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ á wà lórí ọkọ̀ tó ti kọjá ọwọ́ ẹni mẹ́rin.

Fún ẹni tó ń kọjá ẹnubodè, àdéhùn ìrìn-àjò tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 sọ ọ́ kedere: ọkọ̀ ara ẹni lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà fún 90 ọjọ́, bí ó bá ní ìwé ìwakọ̀, ìwé ẹ̀rí oníǹkan, ìwé adójútòfò àti ìwé aṣọ́bodè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó di ti ilé pátápátá ní Lomé tàbí Kútọnu gbọ́dọ̀ san owó aṣọ́bodè, kí ó sì gba ìwé tí wọ́n ń pè ní carte grise.

Kí a má sì rò pé ìwé nìkan tó. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ìwé V5C tí ilé-iṣẹ́ DVLA ní Swansea ń fúnni kò sọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń sọ. Ó yẹ kí olùrà tún gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Àṣé ohun tí àwọn baba wa ń wá lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí kò tí ì kúrò nílé ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi já sí nìyí: ẹni tó fún àlejò ní alùpùpù fún iṣẹ́ ọdún kan, tí kò bá a ṣe ìwé rẹ̀, ìdajì owó ọ̀yà ló san. Yálà ní Ifọ́n ni tàbí ní Ìbàdàn, bí àlejò yín bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé ni ojú rẹ̀. Bí àwọn òbí yín bá sì gbé Gánà rí, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún.