Àwọn Oníbodè Àwòrán ní Ọ̀tà Igànmọdẹ

Ọ̀tà Igànmọdẹ, ìlú Àwórì tí Ọlọ́tà ń jọba lé lórí, kì í ṣe ìlú tí ọ̀nà ń parí sí. Ìlú tí ọ̀nà ń là kọjá ni, nítorí pé láti ayé àwọn alájàpá tí ń ru ẹrù láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta, títí di ìgbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Ìddó ní 1896 fi dé Ìbàdàn ní 1901, ohun tí ń gòkè lọ àti ohun tí ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ kò ṣàì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Àwórì. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti ń là kọjá, ibẹ̀ ni oníbodè ń jókòó sí. Láyé àtijọ́, ẹnu odi ìlú ni ìjókòó rẹ̀. Láyé tiwa, ìjọba kọ́ ilé fún un sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbásanjọ́, ẹni tí oko tirẹ̀ gan-an wà ní Ọ̀tà, pàṣẹ pé kí a wó gbogbo irú rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n wó ilé náà, wọn kò rí orúkọ rẹ̀ wó: títí di òní, “Toll Gate” ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń ké.

Mo mú ọ̀rọ̀ oníbodè wá nítorí pé ìtàn bí ohùn àti àwòrán ṣe wọ iyàrá àwọn ará Ọ̀tà kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àwọn òpìtàn a máa yin ẹni tí ó rán àwòrán, àwọn oníṣòwò a sì máa yin gíláàsì tí a fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ó jókòó sí agbede méjì ni ó ti ń pinnu ohun tí ojú yóò rí, láti ayé àwọn baba wa títí di ìsinsìnyí.

Ohùn ni ó kọ́kọ́ dé. Ní oṣù Disẹ́ḿbà 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi waya gbé ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù wọ inú àpótí kékeré tí ó wà lára ògiri àwọn ará Èkó tí ó bá lè san owó rẹ̀. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Onílé kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Kí ó gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni ó mọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù Ọ́któbà 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọ̀tà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìròyìn kò tó àfojúbà ni àwọn àgbà wí, àfojúbà náà sì dé, àmọ́ inú afẹ́fẹ́ ni ó gbà wá. Ìlà 625 ni wọ́n fi ya àwòrán yìí, ṣùgbọ́n òkè, igbó àti òjò a máa gba owó bodè tiwọn lára rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wò ó, débi pé ọmọdé kan ní láti dúró sídìí ọparun tí éríálì wà lórí rẹ̀, kí ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tí ó wà nínú ilé sì máa pariwo pé “Ó ti mọ́! Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!”, kí wọ́n tó tún pariwo pé ó ti lọ. Nígbà tí Lateef Jákándè, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, dá ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán LTV sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Nòfẹ́ḿbà 1980, iṣẹ́ ọmọ ìdí ọparun tún pọ̀ sí i ni.

Lákòókò yìí, Ọ̀tà ti kúrò ní ìlú àgbẹ̀ àti ọlọ́jà nìkan. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù Fẹ́búárì 1976, ilẹ̀ Èkó há, àwọn ilé iṣẹ́ irin, ike, ọtí àti oògùn sì ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí tí kò jìnnà sí èbúté. Báyìí ni Sango-Ọ̀tà ṣe di ibi tí ọmọ Yorùbá, Ígbò, Ègùn àti Hausa ń gbé inú ilé kan náà, tí iyàrá ẹnìkan tí ó ní ẹ̀rọ fídíò sì di sinimá fún gbogbo wọn ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Òṣèré Hubert Ògúndé ti fi “Aiye” han ayé ní 1979 lórí fíìmù ńláńlá tí à ń gbé kiri ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí náírà wólẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé (SAP) ọdún 1986, kò sí ẹni tí agbára rẹ̀ tún ká irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dáadáa mọ́, kásẹ́ẹ̀tì fídíò sì gba ipò rẹ̀: “Living in Bondage” jáde ní 1992, “Ti Oluwa Ni Ile” ti Túndé Kèlání sì tẹ̀lé e ní 1993. Ẹni tí ó yá kásẹ́ẹ̀tì tí a ti dà kọ láti ara òmíràn tí a ti dà kọ ní ìgbà méjì ṣáájú mọ bí ojú òṣèré ṣe ń di èéfín. Àwo VCD tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ: 352 lọ́nà 288 ni àmì ìmọ́lẹ̀ wínníwínní tí ó di àwòrán rẹ̀, àpapọ̀ wọn kò sì ju 101,376 lọ. Àwòrán tí à ń pè ní “full HD” lónìí, 1920 lọ́nà 1080, ní àmì 2,073,600, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po ogún.

Báwo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọlé? Kì í ṣe láti inú waya olórí mẹ́ta, yẹ́lò, pupa àti funfun, tí gbogbo wa mọ̀. Orí yẹ́lò tí ń gbé àwòrán nínú wọn kò lè gbé HD rárá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ inú ilé ní Sango yóò ṣì máa bá a lẹ́yìn dékódà HD àti tẹlifíṣàn HD, tí onílé ń san owó oṣù fún ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Waya HDMI ni ó tọ́ sí i, èyí tí ilé iṣẹ́ méje, tí Sony, Philips, Hitachi àti Toshiba wà lára wọn, fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lé lórí ní oṣù Disẹ́ḿbà 2002. Waya kan ṣoṣo ń gbé ohùn àti àwòrán pọ̀. Ibi tí oníbodè tuntun sì ti yọ lójijì nìyẹn.

Ẹ wo bí ó ti rí. Netflix dé Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2016, okùn Glo-1 àti MainOne tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun dé etíkun Èkó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, ti mú kí detà wọ́pọ̀ díẹ̀, ènìyàn sì lè ra TV box kékeré tí ń fa fíìmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. (Ti iná NEPA, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀, ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.) Onílé náà fẹ́ kí ohùn dún kárí iyàrá, ó sì so box náà mọ́ risífà ohùn tí ó rà ní tòkunbọ̀ ní ọjà Alábà ní Èkó, ó wá so risífà mọ́ tẹlifíṣàn. Kí box tó rán àwòrán rárá, yóò kọ́kọ́ béèrè pé: irú àwòrán wo ni ẹ lè gbà? Risífà ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, risífà ni yóò dáhùn, ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ni yóò sì sọ, ì báà jẹ́ pé tẹlifíṣàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lágbára jù ú lọ. Bí risífà bá ti dàgbà, box lè máa rán àwòrán ìlà 720, tàbí èyí tí ó kéré sí i. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Risífà yìí ni a rán ní iṣẹ́ ọmọ tí ó fi ti ẹrú jẹ́.

Ìbéèrè kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí ó ni fíìmù bẹ̀rù olè, wọ́n sì fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ HDCP tí ilé iṣẹ́ Intel ṣe, tí gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní in lọ́wọ́. Bí ẹyọ kan nínú wọn kò bá ní in, ojú tẹlifíṣàn á dúdú, tàbí kí àwòrán dín kù. Èmi kò ní bá wọn jà lórí ìbẹ̀rù wọn, nítorí pé àwọn òṣèré wa náà ti sunkún tó lórí àwọn tí ń da fíìmù wọn kọ ní Alábà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 2010, olórí kọ́kọ́rọ́ náà tú síta, Intel fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà náà, ẹni tí ìyà kọ́kọ́rọ́ yìí ń jẹ jù ni onílé tí ó fi owó òógùn rẹ̀ ra ohun gbogbo. Ti àwòrán 4K, tí ó mọ́ ju “full HD” lọ, tún le sí i: HDCP 2.2 ni ó ń béèrè, risífà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2013 kò sì mọ̀ ọ́n rárá.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bú tẹlifíṣàn tàbí kí ó tó sọ pé detà òun ti tán, kí ó wo ibi ìtò box, bóyá ó wà lórí 720, kí ó yí i sí 1080. Kí ó pààrọ̀ waya. Kí ó sì so box mọ́ tẹlifíṣàn tààrà fún ìgbà díẹ̀. Bí àwòrán bá mọ́ kedere lọ́gán, risífà ni ó ń dí ọ̀nà. Kò dìgbà tí ó bá jù ú nù. Láti 2009 ni HDMI ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ARC, tí ohùn fi lè ti inú tẹlifíṣàn padà sọ́dọ̀ risífà nígbà tí àwòrán kò kàn án mọ́. Ẹni tí risífà rẹ̀ bá sì ti dàgbà ju ARC lọ, kí ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn rẹ̀ fún ihò kékeré tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀: waya “optical” tí ó wọ ibẹ̀ lè gbé ohùn ọ̀nà mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní 5.1, kò sì ní béèrè kọ́kọ́rọ́ HDCP lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.