Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Wọ́n Ru Kòkó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé ọdún wa lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ọjà, kò sì jẹ mọ́ oyè. Òbí kan ló bi mí ní ìbéèrè ní ìpàdé. Ó ní kí ló dé tí ọmọ òun tó wà ní yunifásítì, tí òun ń fi èrè ọjà san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò máa lọ kọ́ àwọn ọmọ Zongo ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé láìgba kọ́bọ̀? Ó ní ṣé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni òun rán an lọ kọ́ ni? Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bá a jà, nítorí ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ lè rò pé àwọn ọmọ wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé ni ilẹ̀ Yorùbá ti mọ àáró, tó sì ti mọ ọ̀wẹ̀. Bí mo bá bá ọ roko lónìí, tí ìwọ náà bá mi ro tèmi lọ́la, àáró nìyẹn. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, oúnjẹ àti ẹmu ni yóò fi ṣe àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ lálejò. Àwọn Àṣáńtì tí a ń bá gbé náà ní tiwọn, nnoboa ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ara wa láìgbowó kì í ṣe àṣà àtọ̀húnrìnwá. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kí ẹni tó ti ka ìwé jìnnà, ẹni tí wọ́n rán lọ sílé-ẹ̀kọ́ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá, kí òun fúnra rẹ̀ tún padà gbé ọkọ́.

Ọdún 1952 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí wa yìí ṣílẹ̀kùn, Kumasi College of Technology ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Igba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kó wá láti Achimota láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó di yunifásítì ní 1961, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Nkrumah, wọ́n yọ orúkọ náà kúrò lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, ó sì di 1998 kí wọ́n tó dá a padà. (Orúkọ nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí o, ilẹ̀ náà ò kúrò níbi tó wà.)

Ní nǹkan bí ìgbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957 ni ẹgbẹ́ kan dìde tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VOLU. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ọ̀dọ́ mìíràn yóò kóra jọ sí abúlé kan, wọn yóò bá àwọn ará ibẹ̀ po símẹ́ńtì, wọn yóò kọ́ ilé-ìwé tàbí ṣáláńgá, wọn yóò sì padà sílé. Ní 1958, Àlùfáà James H. Robinson, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ìjọ rẹ̀ wà ní Harlem ní New York, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wá sí Áfíríkà láti ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, Gánà sì wà lára ibi tí wọ́n dé. Operation Crossroads Africa ni orúkọ ètò rẹ̀. Dúdú àti funfun ló jọ wà nínú wọn, nígbà tí òfin kò tíì gbà kí àwọn méjèèjì jókòó jẹun pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ààrẹ Kennedy gbà lẹ́yìn náà pé ètò yìí ni ó ṣíwájú Peace Corps. Àwọn Peace Corps àkọ́kọ́, tí wọ́n tó bí 50, bọ́ sílẹ̀ ní Akra ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, ọdún 1961. Èdè Twi ni wọ́n fi kọrin ní pápákọ̀ òfurufú, inú àwọn ará ìlú sì dùn gidigidi.

Ní Ìbàdàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 kan náà, ọmọbìnrin Peace Corps kan tó ń gba ẹ̀kọ́ ìgbaradì ní University College, Ibadan kọ póòsìkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè òkun, ó sì ròyìn ìgbé ayé àwọn ará ìlú bí ìgbà tí ènìyàn ń ròyìn inú igbó. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n ní kí gbogbo wọn padà sílé wọn. Ọmọbìnrin náà lọ, àwọn yòókù dúró, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Mo fi èyí kún un kí ẹ lè mọ̀ pé ènìyàn lè máa ṣoore fún ni kó sì máa fojú tín-ínrín ẹni. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ò kọ oore, ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n ni wọ́n kọ̀.

Ọdún 1969 ni ọ̀rọ̀ kan àwa gan-an. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Èjìgbò àti Ṣakí ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n wọ lọ́rì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ lójú pópó nígbà náà ni pé a ń kó owó lọ, a kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Kì í ṣe òótọ́ pátápátá, nítorí àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dá, ilé ló ń lọ: ilé-ìwé nílé, gbọ̀ngàn ìlú nílé, ọ̀nà nílé. Ará Àṣáńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kò lè rí ilé-ìwé tí a kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Àṣẹ yẹn kò mọ sórí wa nìkan. Ó lé àwọn alágbàṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó pẹ̀lú, àwọn ará Upper Volta tí a ń pè ní Burkina Faso báyìí, ará Togo, ará Nàìjíríà. Àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò roko. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí Acheampong gbàjọba ní 1972, tó ní kí olúkúlùkù gbin oúnjẹ ara rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n lọ gé ìrèké ní Komenda àti Asutsuare, wọ́n gbẹ́ ojú omi fún oko ìrẹsì ní Dawhenya. Ní 1973 ni ìjọba sọ ọ́ di òfin, tó di National Service fún àwọn tó bá jáde ní yunifásítì. Ọdún yẹn náà, ní oṣù karùn-ún, ni ìjọba Gowon bẹ̀rẹ̀ NYSC nílé, tí àwọn ènìyàn wa ń pe ọmọ rẹ̀ ní àgùnbánirọ̀.

Èyí tó ga jù lọ ni ti 1982. Rawlings gbàjọba ní ọjọ́ tó parí ọdún 1981. Ipò tó bá orílẹ̀-èdè kò dára rárá. Kòkó tí Gánà ń kó jáde, tó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 1964 sí 1965, ti ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n ká pàápàá, inú igbó ló wà. Àwọn aṣojú ìjọba ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti dì í sínú àpò, àpò náà wà nínú àká ní abúlé, kò sí lọ́rì tí yóò gbé e. Èyí tó wà kò ní táyà, èyí tó ní táyà kò ní epo, òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta kòkó rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i bí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin: yóò bu, kòkòrò yóò wọ̀ ọ́, owó ti wọmi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìjọba ń díbọ́n pé sídì 2.75 ni dọ́là kan, ọjà kò sì gbọ́ irú ìyẹn, nítorí náà ọ̀pọ̀ olóko gbé kòkó wọn gba ẹ̀yìn lọ sí Côte d'Ivoire.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Legon, ti Cape Coast àti ti Kùmásì wa níbí, pa ìwé dé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Students' Task Force sílẹ̀, wọ́n wọ inú igbó lọ kó kòkó jáde. Àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, àpò kan sì ju kílò 60 lọ. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ti oògùn, tí kò gbé ju ìwé lọ rí, kí ó fi orí ru ìyẹn láti àká dé ẹsẹ̀ lọ́rì. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí èbúté Tẹ̀má àti Tákóràdí. Kòkó yẹn ni orílẹ̀-èdè fi ń rí owó òkèèrè ra epo àti oògùn. Ní tèmi o, bí a bá ń ka àwọn tó ṣiṣẹ́ fún Gánà, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn.

Ibi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Ohun mẹ́ta mẹ́rin ló ba kòkó jẹ́, owó tí kò tó, ọkọ̀, ọ̀nà àti igi tó ti gbó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n lé lọ ní 1969 wà lára rẹ̀. Ọdún 12 lẹ́yìn tí wọ́n ní àlejò pọ̀ jù, ọmọ yunifásítì ló ń ru àpò kòkó.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ náà fi bàjẹ́. Ìyà ń pọ̀ sí i, oúnjẹ wọ́n, ní 1983 iná igbó jó oko kiri, àwọn ọmọ Gánà tí Nàìjíríà lé ní oṣù kìíní ọdún náà sì ń wọlé dé. (Àwa náà lé ènìyàn o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá.) Kòkó 1983 sí 1984 kò tó 160,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ru àpò fún ìjọba ní 1982 ló jáde tako ó ní 1983, ìjọba sì ti yunifásítì pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí mo ti fara mọ́ òbí tó bi mí léèrè nìyí: ìjọba tó bá rí ẹni ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lè gbàgbé láti tún ọ̀nà ṣe. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí owó wọlé sí.

Lóde òní, ọmọ wa tó ní ìwé ọmọ Gánà yóò sin ìlú fún ọdún kan lẹ́yìn yunifásítì. Èyí tó di ìwé Nàìjíríà mú lè lọ ṣe àgùnbánirọ̀ nílé, bí kò bá tíì lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde. Ti Sátidé tí a ń jà lé lórí yìí yàtọ̀ sí méjèèjì, kò sí òfin kankan tó fi dandan mú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló wà lára àwọn tó ń fún ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní ẹ̀jẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọ ìsinmi, ẹ̀jẹ̀ a wọ́n níbẹ̀, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá sì ń rọbí lákòókò yẹn mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ọmọ Zongo tí wọ́n ń kọ́ ní ìṣirò yìí, Mọ́sí wà nínú wọn, Hausa wà, Àṣáńtì wà, àwọn ọmọ tiwa náà wà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ lọ́jọ́ kan pé Yorùbá kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ní Kùmásì, ojú àwọn wọ̀nyẹn ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìgbìmọ̀ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀, bóyá kí àpò ẹgbẹ́ máa san owó tíróò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wọ̀ wá láti Ayeduase àti Bomso, àti owó ṣọ́ọ̀kì. Òbí tó bi mí léèrè ti gbà láti wà nínú ìgbìmọ̀ náà.