Ojú Irin Ọ̀fà àti Ìgbafẹ́ Etí Òkun Èkó

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín tí ó bá ti Ọ̀fà lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Tarkwa Bay, ibi kékeré tí ó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀sà Èkó, tí àwọn ènìyàn ń pè ní erékùṣù nítorí pé ojú omi nìkan ni a ń gbà dé ibẹ̀, yóò bá ìgbì pẹ̀lẹ́ àti ìdákẹ́jẹ́ tí ará Èkó ń fowó wá kiri. Bóyá ni yóò sì mọ̀ pé ojú irin tí ó la ìlú bàbá òun kọjá lọ́wọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ẹnu ọ̀sà yẹn kì í ṣe ibi ìtura láyé àtijọ́. Iyanrìn abẹ́ omi ti dí i débi pé ọkọ̀ ńláńlá tí ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ kò lè wọlé. Èbúté Forcados ni ọ̀pọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó kó èrò àti ẹrù wá sí Èkó. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru: ìjọba òyìnbó kò bá a jà, ògiri òkúta ni wọ́n nà wọ inú rẹ̀ ní apá méjèèjì. Láàárín 1908 sí 1912 ni iṣẹ́ náà gbóná janjan, Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ń fọ́ òkúta, tí ọkọ̀ ojú irin ń rù ú wá. Ọ̀nà irin kan náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ní 1896, ti gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908.

Bí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó òkúta lọ sínú òkun ní ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará òkè ń di ọ̀dùnkún àti iṣu sínú rẹ̀ lọ sí Èkó. Ìddó tí wọ́n ń sọ̀ sí, erékùṣù ni òun náà nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí ó wo omi yẹn fún ìgbafẹ́? Ọjà ni wọ́n bá wá. Ilé ní Ọ̀fà ni ìsinmi wà, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò ìlú. Àwọn òyìnbó wà lára àwọn tí ó sọ etí òkun Tarkwa Bay di ibi fàájì.

Ògiri òkúta inú òkun yẹn kò ṣe oore fún gbogbo ènìyàn. Ìgbì etíkun wa a máa ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí òkúta dínà, iyanrìn ṣù jọ ní apá Tarkwa Bay, ebi rẹ̀ sì pa Bar Beach ní òdìkejì, tí òkun fi jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Àwọn tí ó wá tẹ̀dó sórí iyanrìn ọ̀fẹ́ náà kò gbádùn rẹ̀ títí lọ: ní oṣù kìn-ín-ní 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fọ́ ọ̀pá epo, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lé kò sì ráyè kó ẹrù.