Ọ̀nà Ìsẹ́yìn àti Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀

Láyé ọjọ́un, kí ẹnikẹ́ni ní Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹ̀dí tó fojú kan mọ́tò, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, orí ni ibi ẹrù: aláàárù ń ru aṣọ òfì, àwọn oníṣòwò ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́ṣà, oníbodè sì ń dúró dè wọ́n lẹ́nu odi ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tí ó sì gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin, kò yà sí Òkè-Ògùn, àgbègbè tí Ìsẹ́yìn wà, rárá. Nítorí náà, láti ìgbà tí ọ̀nà mọ́tò ti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ lọ́dún 1906, ọ̀nà mọ́tò nìkan ni àgbègbè náà ń fojú sọ́nà fún, bọ́lẹ̀kájà ni ó sì wá ń kó iṣu, èlùbọ́ àti aṣọ òkè Ìsẹ́yìn lọ sọ́jà.

Àwọn awakọ̀ ìgbà náà kò ní tẹlifóònù, síbẹ̀ wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn. Bí ọkọ̀ bá dákú lójú pópó, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a sáré ṣẹ́ ewé, a tò ó sílẹ̀ lókèèrè, kí ẹni tí ń bọ̀ lè tẹ bíréèkì lásìkò. Bí ewu bá sì wà níwájú, ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ a tan iná ọkọ̀ rẹ̀, a pa á, a tún tàn án. Ará iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé kò jẹ́ kí Ògún Lákáayé sinmi lójú ọ̀nà, títí Wọlé Ṣóyínká fi ṣe agbátẹrù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1977, tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ lọ́dún 1988.

Níbòmíràn, àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ọkọ̀ tí kò nílò awakọ̀ rárá. Ní aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2004, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọkọ̀ tí ń dá wa ara wọn tí ó parí ìdíje tí wọ́n ṣe. Lọ́dún 2005, márùn-ún parí rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 2020, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Waymo ti ń gbé èrò ní ìlú Phoenix láìsí ẹnikẹ́ni nídìí ọwọ́ ọkọ̀. Kámẹ́rà, rédà àti lésà ni ojú wọn. Àwọn onímọ̀ tún ń ṣe ọkọ̀ tí yóò máa fi rédíò sọ fún ọkọ̀ ẹ̀yìn pé òun ti tẹ bíréèkì, kí ẹni ẹ̀yìn tó fojú rí i. Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn náà nìyẹn, bí ó tilẹ̀ yá ju ti ewé lọ.

Ìlérí ńlá ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń wo ìlà funfun kí ó tó rìn kò lè rìn dáadáa níbi tí ìlà ti parẹ́. Ìjọba ti tún ọ̀nà Mónìyà sí Ìsẹ́yìn ṣe. Ẹ jẹ́ kí a máa kun ìlà rẹ̀, kí a máa dí ihò rẹ̀, kí a sì pa òfin eré mọ́ láti òní, nítorí ọ̀nà tí ó dára fún ọkọ̀ ọ̀la ni yóò dá ẹ̀mí àwọn èrò òní sí.