Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún (Costus afer)

Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún jẹ́ ewé igbó. Ó fẹ́ràn ibòòji àti etí odò. Ọ̀pá rẹ̀ dà bí ìrèké, ó sì lè ga tó mítà 3. Àwọn ewé rẹ̀ kì í kojú sí ara wọn; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n sì ń yí ọ̀pá náà ká lọ sókè bí okùn. Ọ̀kan lára àwọn àmì rẹ̀ nìyẹn. Òdòdó rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ìbátan ata ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kì í ta sánsán.

Ẹ má ṣe pè é ní tẹ̀tẹ̀: ẹ̀fọ́ jíjẹ ni tẹ̀tẹ̀. Ní Bràsíl, àwọn ilé Candomblé ń pe Costus spicatus ní tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún. Ìbátan ni, kì í ṣe ewé kan náà.

Ẹ̀yin olórìṣà, kí ẹ tó rún un sínú omi ẹ̀rọ̀, ẹ wo ọ̀pá rẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó.